Ibi Tí Ìbọn Ń Sùn Nínú Ilé Ọlọ́mọ

Ní ọdún 2001, àwọn dókítà kan ní Atlanta gbé àbájáde ìwádìí kan jáde nínú Pediatrics, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà. Ọmọkùnrin 64 ni wọ́n kó jọ, láti ọmọ ọdún 8 títí dé ọmọ ọdún 12. Wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ 29, wọ́n sì ń kó ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan wọ yàrá kan pé kí wọ́n máa ṣeré. Ìbọn ìṣeré olómi méjì wà nínú dúrọ́wà níbẹ̀. Nínú dúrọ́wà mìíràn, ojúlówó ìbọn ìléwọ́ ni wọ́n fi sí. Ọta kò sí nínú rẹ̀, àmọ́ wọ́n ti ṣe é kí iná tàn bí ẹnikẹ́ni bá fa tírígà rẹ̀ pẹ̀lú agbára tó lè mú ọta jáde. Àwọn dókítà wà lẹ́yìn dígí, wọ́n ń wo àwọn ọmọ, àwọn ọmọ kò rí wọn. Ìṣẹ́jú 15 péré ni wọ́n fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ọ̀wọ́ 21 rí ìbọn náà láàárín rẹ̀. Ọ̀wọ́ 16 gbé e. Nínú ọ̀wọ́ 10, ó kéré tán ọmọ kan fa tírígà. Bí ìdajì àwọn tó rí i ló rò pé ti ìṣeré ni tàbí tí kò dá wọn lójú pé ìbọn gidi ni. Nínú àwọn tó gbé e tàbí tó fà á, ó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún tó sọ pé wọ́n ti kọ́ àwọn rí bí èèyàn ṣe ń ṣọ́ra fún ìbọn.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé bí ọ̀rọ̀ ìbọn bá délẹ̀ láàárín àwọn èèyàn wa ní Houston, ní Maryland tàbí ní Atlanta yẹn gan-an, gbólóhùn méjì kan náà ni ọlọ́mọ máa ń fi dáhùn: “Mo ti kìlọ̀ fún wọn,” àti “Wọn ò mọ ibi tí mo gbé e sí.” Kí òbí kìlọ̀ fún ọmọ dára, kò sí ẹni tó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kì í ṣe àgádágodo, ibi ìkọ̀kọ̀ náà kì í sì í ṣe àgádágodo.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò bá ìbọn ìléwọ́ dàgbà. Òfin ìbọn ní Nàìjíríà fi í sára àwọn ìbọn tí aráàlú kò gbọ́dọ̀ ní àfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Èyí tí a mọ̀ ni ṣakabùlà ọdẹ, tí bàbá fi kọ́ ara ògiri tàbí tó gbé sórí àjà. Ìbọn yẹn ń fẹ́ àkókò. Wọn yóò da ẹ̀tù sí i, wọn yóò gún un, wọn yóò rọ ọta tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó lè rò pé àwọn fẹ́ yìn ín. Bó bá ti wà lórí ògiri láìsí ẹ̀tù nínú, igi àti irin lásán ni. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá a máa gbà pé ibi gíga ti tó fún ìbọn, pé ọmọdé kò ní í ga tó o. Ìbọn ìléwọ́ òde òní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gbogbo ohun tó fẹ́ fi pa èèyàn ló ti wà nínú rẹ̀ ní títò. Ọ̀pọ̀ Glock, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń tà jù, kò ní bọ́tìnnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí èèyàn máa kọ́kọ́ tì kó tó lè yìn. Bí ọta bá ti wà nínú ihò rẹ̀, kí ìka fa tírígà ló kù. Ìka wo? Ìwádìí kan ní ọdún 1995 wọn agbára ìka àwọn ọmọdé: ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ọdún 3 sí 4 ló ní agbára tó lè fa tírígà ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́ tó wà lọ́jà. Nínú àwọn ọmọ ọdún 5 sí 6, ó di 70. Nínú àwọn ọmọ ọdún 7 sí 8, ó di 90.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó ra ìbọn. Àjọ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ gbangba pé ilé tí kò sí ìbọn ló dára jù fún ọmọ, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń parí iṣẹ́ alẹ́ ní aago mẹ́ta òru, tàbí ẹni tó ní ilé epo tí wọ́n ti fọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ti ṣe ìpinnu tirẹ̀, òfin ilẹ̀ náà sì gbà á láàyè. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni bí ìbọn ṣe lè wà nítòsí rẹ̀ bí olè bá fọ́ ilẹ̀kùn, kí ó má sì wà nítòsí ọmọ.

Èsì tí mo fara mọ́ ni pé ibi méjì péré ni ìbọn tó ní ọta lè wà nínú ilé ọlọ́mọ. Bí kò bá wà lára àgbàlagbà tó lajú sílẹ̀, nínú àkọ̀ tó bo tírígà pátápátá, kí ó wà nínú àpótí irin tí a tì. Kò sí ibi kẹta. Abẹ́ ìrọ̀rí kò sí nínú rẹ̀, orí wọ́dúróòbù kò sí nínú rẹ̀, ẹ̀yìn fíríìjì kò sí nínú rẹ̀. Báàgì obìnrin náà kò sí nínú rẹ̀, nítorí báàgì kì í wà lára. Orí àga ló ń wà, tàbí nínú kẹ̀kẹ́ ọjà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2014, nínú ilé ìtajà Walmart kan ní ìlú Hayden, ní ìpínlẹ̀ Idaho, ọmọ ọdún méjì fa ìbọn yọ nínú báàgì ìyá rẹ̀, ó sì yìn ín pa. Ìyá náà mọ ìbọn lò, ó ní ìwé àṣẹ, báàgì yẹn gan-an sì ní àpò tí wọ́n rán fún ìbọn.

Àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé ibi ìkọ̀kọ̀ máa ń rò pé àwọn mọ ilé àwọn ju ọmọ lọ. Wọn kò mọ̀ ọ́n jù ú. Àgbà ń ti iṣẹ́ bọ̀ ní alẹ́, ó ń sùn. Ọmọ ló ń rákò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń gun dúrọ́wà bí àtẹ̀gùn, òun ló ń wá ẹ̀bùn Kérésì kiri inú kọ́bọ́ọ̀dù nígbà tí ìyá rẹ̀ wà ní ṣíọ́ọ̀ṣì. Àwọn baba wa ní ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ inú ilé a máa ṣí ewé wò. Ní ọdún 2006, àwọn oníwádìí méjì tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ìdílé ní ìgbèríko Alabama. Wọ́n bi òbí lọ́tọ̀, wọ́n bi ọmọ lọ́tọ̀. Nínú àwọn òbí tó ní ọmọ àwọn kò mọ ibi tí ìbọn wà, ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọmọ wọn sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Nínú àwọn tó fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ àwọn kò fọwọ́ kàn án rí, ìdá 22 ni ọmọ wọn sọ pé òun ti fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà, àpótí. Èyí tí mò ń sọ kì í ṣe àpótí irin ńlá tí wọ́n ń tọ́jú ìbọn gígùn àti ìwé ilẹ̀ sí, tó ń wúwo bí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Kékeré ni, tó lè gba ìbọn kan pẹ̀lú ọta rẹ̀, tí a kàn mọ́ nǹkan tí kò ṣeé gbé. Kíkàn yẹn ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Àpótí tí ọmọ ọdún 14 lè gbé dé gáréèjì, a jẹ́ pé ó ku sùúrù àti sukudiráfà. Ọ̀pọ̀ àpótí bẹ́ẹ̀ ní ihò nídìí tí wọ́n lè gba inú rẹ̀ fi bóòtù dè é mọ́ pákó ilẹ̀ tàbí igi inú ògiri. Àwọn mìíràn ń bá okùn irin wá tí wọ́n lè fi so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Okùn yẹn dára fún òtẹ́ẹ̀lì. Nínú ilé, bóòtù ni kí ẹ lò.

Ohun tó ń ṣí i ni àríyànjiyàn wà lé lórí. Kọ́kọ́rọ́ kì í bà jẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ni ìbọn wà. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ń sùn nínú dúrọ́wà ìbọ̀sẹ̀, inú dúrọ́wà ìbọ̀sẹ̀ ni ẹ fi ìbọn sí. Èyí kan kọ́kọ́rọ́ àfipamọ́ tó máa ń bá àpótí oní-nọ́ńbà wá pẹ̀lú, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń so mọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Ẹ gbé e kúrò nílé, ẹ fi sí ibi iṣẹ́ tàbí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n tí ẹ fọkàn tán.

Onítẹ̀ka, èyí tó ń fi ìka mọ olówó rẹ̀, ló ń wọ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Ẹ fi ìka kàn án, ó ṣí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, CPSC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ewu inú ọjà, kéde pé kí àwọn tó ra àpótí onítẹ̀ka Fortress, tí iye wọn tó bí 61,000, ṣíwọ́ lílo apá onítẹ̀ka rẹ̀. Èèyàn lè rò pé òun ti fi ìka tòun sí i, kí àpótí má sì gbà á. Títí tí yóò fi gbà á, ìka ẹnikẹ́ni ló lè ṣí i. Ìkéde náà mẹ́nu kan ẹjọ́ kan lórí ikú ọmọ ọdún 12 ní oṣù Kìíní ọdún 2022. Ní ọdún 2024, irú ìkéde bẹ́ẹ̀ dé bá àpótí ilé iṣẹ́ mìíràn. Kì í ṣe pé gbogbo onítẹ̀ka ló burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ọ̀kan, kí ó pe gbogbo ará ilé jọ, kí wọ́n fi ìka wọn kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, tọmọdé tàgbà, nígbà tí àpótí ṣì ṣófo. Bí ó bá ṣí fún ẹnì kan tí kò yẹ kó ṣí fún, kí ó dá a padà lọ́jọ́ náà. Ẹ tún rántí pé ìka tó tutù, tó lóòógùn tàbí tó ní òróró lórí lè má ṣí i rárá lóru ọjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀.

Èyí tí mo yàn ni àpótí tó ń lo bọ́tìnnì irin márùn-ún, tí kò lo bátìrì rárá. Ó wọ́n díẹ̀. Ọwọ́ lè mọ bọ́tìnnì rẹ̀ nínú òkùnkùn, kò ní ohun tó ń tàn, kò ní ohun tó ń dún, ẹni tó bá sì ti fi ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn kò ní pẹ́ rárá kó tó ṣí i. Bí ẹ bá ra oní-bátìrì, ẹ máa pààrọ̀ bátìrì ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń yí aago síwájú tàbí sẹ́yìn, kí ẹ má dúró de ìgbà tí iná pupa bá ń ṣẹ́jú.

Nọ́ńbà ni ibi tí àpótí olówó ńlá ti máa ń di àpótí páálí. Lẹ́yìn tí ọmọ ọdún 15 kan pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní ilé ìwé girama Oxford ní Michigan ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, àwọn ọlọ́pàá yẹ ilé àwọn òbí rẹ̀ wò. Àpótí irin wà níbẹ̀ lóòótọ́. 0-0-0 ni nọ́ńbà rẹ̀. Okùn àgádágodo tó bá ìbọn wá láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò já a. Ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ dá bàbá àti ìyá náà lẹ́bi, ó sì rán ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí 15. Ẹ má lo ọjọ́ ìbí. Ẹ má lo nọ́ńbà tí ẹ fi ń ṣí fóònù, nítorí ọmọ ọdún mẹ́fà ti mọ ìyẹn tipẹ́. Bí ọmọ bá wà nínú yàrá nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yí i padà.

Ibo ni kí àpótí wà? Àwọn kan ní kó wà níbi tí ọwọ́ lè nà dé láti orí ìrọ̀rí. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀ kì í mọ ẹni tó ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó lè jẹ́ olè, ó sì lè jẹ́ ọmọ ọdún 16 tó gba ojú fèrèsé jáde lọ sí pátì tó sì ń yọ́ wọlé padà. Ẹ fi í síbi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ kanlẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀, nínú yàrá tiyín, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́, kí tọ́ọ̀ṣì sì wà lórí àpótí. Ẹ wá fi ìbọn tí kò ní ọta dánra wò, kí iná yàrá wà ní pípa, títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí ẹ bá ń ṣe èyí, kí àwọn ọmọ ti lọ sí ilé ìwé.

Ọ̀rọ̀ bóyá kí ọta wà nínú rẹ̀ ló le jù, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé èsì kan ló wà fún gbogbo ilé. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2005 nínú JAMA, ìwé ìròyìn àwọn dókítà, yẹ àwọn ilé tí ọmọ ti fi ìbọn para tàbí tí ìjàǹbá ìbọn ti ṣẹlẹ̀ wò, ó fi wọ́n wé ilé mìíràn tí ìbọn wà. Ohun mẹ́rin ló rí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń bá ewu tó kéré rìn: kí a ti ìbọn pa, kí ọta má sí nínú rẹ̀, kí a ti ọta náà pa, kí ọta àti ìbọn má sì wà níbi kan náà. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ni àwọn oníṣègùn ọmọdé ń fẹ́. Bí ilé yín bá wà ní àdúgbò tó dákẹ́, tó jẹ́ pé pápá ìdánraṣe nìkan ni ẹ ti ń yìnbọn, kò sí ìdí láti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìbọn sínú àpótí kan, ọta sínú òmíràn. Ẹni tó bá ní òun gbọ́dọ̀ lè lò ó lóru lè fi màgasíìnì, ìyẹn ilé ọta tó ń wọ inú ìbọn, pẹ̀lú ọta nínú rẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn nínú àpótí kan náà, kí ihò ìbọn ṣófo. Yóò ná an ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí i láti kì í bọ̀ ọ́ kí ó sì fa orí ìbọn sẹ́yìn, èyí tí ọwọ́ ọmọ kékeré kì í sábà lágbára tó láti fà.

Ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà níbi yíyọ ọta, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní kíkún. Ẹnu ìbọn kọjú síbi tí kò sí èèyàn, ìka wà níta tírígà. Màgasíìnì ni ẹ ó kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fa orí ìbọn sẹ́yìn kí ọta tó wà nínú ihò lè fò jáde. Yíyọ màgasíìnì kì í mú ìyẹn kúrò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fa orí ìbọn kó tó yọ màgasíìnì ti yọ ọta kan, ó sì ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ó wá ń rò pé ìbọn ti ṣófo. Ẹ fi ojú wo inú ihò náà, ẹ fi ìka kékeré kàn án. Ẹ tún wò ó.

Okùn irin alágàdágodo tó máa ń bá ìbọn tuntun wá, tí ọ̀pọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá sì ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ ètò Project ChildSafe, ní iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ń gbà á wọ inú ìbọn kọjá ibi tí màgasíìnì ń gbà, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n lè kì í. Kò yára ṣí, nítorí náà kì í ṣe fún ìbọn tí ẹ fẹ́ lò lóru. Ìbọn kejì àti ìkẹta tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ọdún tó kọjá, tí ẹ rà nítorí owó rẹ̀ wálẹ̀, àwọn ni kí ẹ fi okùn yẹn dè.

Ta ló yẹ kó mọ nọ́ńbà? Ìyàwó àti ọkọ, bí àwọn méjèèjì bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ibi tí ilé Yorùbá ti yàtọ̀ sí ilé aládùúgbò ni Màmá tó ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta wá tọ́jú ọmọ tuntun fún oṣù mẹ́fà. Màmá kì í jókòó. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti tún gbogbo yàrá tò, ohun tó wà lókè ti wà nísàlẹ̀. Ìbọn tí ẹ bá fi aṣọ wé sínú kọ́bọ́ọ̀dù, òun ló máa kọ́kọ́ rí i, ọmọ ọdún mẹ́ta yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó di ìró rẹ̀ mú. Ẹ sọ fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ìbọn wà nínú ilé, ẹ fi àpótí hàn án, ẹ ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Mà, bí ẹ bá rí i níta lọ́jọ́ kankan, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ sì pè wá.” Ṣùgbọ́n ẹ má fún un ní nọ́ńbà. Yàtọ̀ sí ewu tó wà níbẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gba ẹni tó wá pẹ̀lú físà àbẹ̀wò láàyè láti ní ìbọn níkàáwọ́, àfi nínú ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀ bí ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹni tó ní gíríìnkáàdì kò sí nínú ìdènà yìí. Ẹ̀gbọ́n tó wá kàwé pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tó sì ń gbé ní yàrá ìsàlẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ, ọmọ kékeré ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ òǹkàwé. Ọ̀dọ́langba ló ń bà mí lẹ́rù jù. Láti ọdún 2020 ni ìbọn ti ṣíwájú ìjàǹbá mọ́tò nínú ohun tó ń pa ọmọ ọdún 1 sí 19 ní Amẹ́ríkà, àwọn tó sì fi ọwọ́ ara wọn pa ara wọn pọ̀ nínú iye yẹn. A kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ nílé wa. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́” la fi ń dá a dúró, bí ẹni pé àdúrà àti àgádágodo kò lè wà nínú ilé kan náà. Ohun tí àwọn dókítà mọ̀ ni pé wákàtí tó burú jù fún ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́. Ọ̀pọ̀ tó bá la wákàtí náà já ni kì í padà kú ikú ọwọ́ ara rẹ̀. Ìbọn kì í sábà fúnni ní àǹfààní ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àgádágodo tó dá a dúró fún ogún ìṣẹ́jú ti ṣe iṣẹ́ ńlá.

Àmọ́ ọmọ ọdún 16 kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó lè mọ nọ́ńbà, ó lè wo fídíò bí wọ́n ṣe ń já àpótí, ó lè mú sùúrù. Nítorí náà, bí ọmọ bá ń sunkún láìnídìí, tó kọ oúnjẹ, tó ń pín ohun ìní rẹ̀ fún ọ̀rẹ́, tàbí tí olólùfẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ ọ́, n kò ní bá yín sọ̀rọ̀ àpótí mọ́. Kí ìbọn kúrò nílé. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ìbọn kan máa ń bá èèyàn tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn àgọ́ ọlọ́pàá kan náà ń ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ fóònù sí wọn, ẹ má kàn gbé ìbọn wọlé tọ ọlọ́pàá lọ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ lórí gbígbé e fún mọ̀lẹ́bí, ẹ béèrè. Nọ́ńbà fóònù tí ẹnikẹ́ni lè pè ní Amẹ́ríkà, lọ́sàn-án àti lóru, nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí ni 988. Òbí náà lè pè é, kì í ṣe ọmọ nìkan.

Òfin ìpínlẹ̀ yàtọ̀ síra wọn. Ní ọdún 2008, nínú ẹjọ́ Heller, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fagi lé òfin Washington, D.C. tó ní kí ìbọn inú ilé máa wà ní títú palẹ̀ tàbí lábẹ́ àgádágodo ní gbogbo ìgbà, pé kò fún onílé láyè láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn òfin tó ń mú òbí nítorí pé ọmọ lè dé ibi ìbọn ṣì wà nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Florida ló kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1989. Ní Texas, ẹni tó bá fi ìbọn tó ṣe tán láti yìn síbi tí ọmọ tí kò tó ọdún 17 ti rí i mú ti rú òfin. Bí ọmọ náà bá yìn ín tó sì pa èèyàn tàbí ṣe é léṣe gidigidi, ó lè di ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ní Maryland, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ọmọ tí kò tó ọdún 18 ni òfin ń sọ. Michigan bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2024.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò kò gùn rárá láti sọ: àpótí iwájú mọ́tò kì í ṣe ibi ìtọ́jú ìbọn, olè ló ń ti ibẹ̀ mú un. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ nínú mọ́tò nítorí pé ibi iṣẹ́ kò gbà á wọlé, ẹ ra àpótí kékeré tó ní okùn irin, ẹ dè é mọ́ ẹsẹ̀ àga.

Ó ku ilé ẹlòmíràn. Ọmọ yín yóò lọ sùn sílé ọ̀rẹ́, yóò lọ síbi ọjọ́ ìbí, yóò lọ bá àwọn ọmọ àbúrò yín lo ìsinmi. Ojú máa ń ti àwọn èèyàn wa láti béèrè, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó jù wọ́n lọ, pé ṣé ìbọn wà níbẹ̀. Ẹ fi sáàárín àwọn ìbéèrè yòókù kó má bàa dà bí ẹ̀sùn: “Mọ́mì Tómi, ẹ kú ìmúra. Ọmọ mi kì í jẹ ẹ̀pà o. Ṣé ajá wà nílé? Ṣé ìbọn wà, ṣé ó sì wà nínú àpótí tí a tì?” Ẹni tó ń tọ́jú tirẹ̀ dáadáa kì í bínú, ó máa ń dùn mọ́ ọn láti ṣàlàyé bó ṣe kàn án mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé “Ó wà lókè wọ́dúróòbù, wọn ò lè dé ibẹ̀” ni wọ́n fi dáhùn, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí Tómi wá sùn nílé tiyín.